Ọdẹ tó jáde látinú ìwé: kí òǹwòran má baà pè é ní iwin

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Fíìmù oníṣẹ́jú 20 la ń ṣe ní Adó-Èkìtì. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta iyán ń kọ ìtàn ọdẹ kan sínú ìwé iléèwé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọdẹ náà jáde látinú ìwé, ó wá jókòó ní búkà ìyá rẹ̀. A ti yà á lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan tó wò ó ń bèèrè bóyá iwin ni àbí òkú tó jí. Àwọn yòókù kàn ń rẹ́rìn-ín. A ò lówó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Níbo la ti ṣì í?"

Ìdáhùn: Ẹni tó bèèrè bóyá iwin ni kò ṣi fíìmù yín wò. Ohun tí ẹ fi hàn án ló rí. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni òǹwòran Yorùbá ti ní ibi tó ń kó gbogbo àràmàǹdà sí: ẹni tó bá yọ lójijì láìgba ẹnu ọ̀nà wọlé, iwin ni, tàbí òkú, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ló pe ọfọ̀. Láti ìgbà Hubert Ògúndé ni èéfín, iná pupa àti ìró ààrá ti ń sọ fún un nínú sinimá pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Tí ọdẹ yín bá bá èéfín wọlé, ẹ ti ní kí òǹwòran máa wá ẹni tó rán an. Ìbéèrè tí ẹ fẹ́ kó wà lọ́kàn rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí: kí ni ọmọ yìí kọ nípa ọdẹ, kí sì ni kò kọ? Ẹ̀dá-ìtàn kì í ṣe ẹ̀mí. Ènìyàn tí kò pé ni, torí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ nìkan ló ní láyé. Tí ẹ bá lè jẹ́ kí òǹwòran rí àìpé yẹn kedere, kò sẹ́ni tó máa pè é ní iwin mọ́.

Irú ìtàn yìí ni wọ́n ń pè ní magic realism. Ọ̀rọ̀ nípa àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà yà ni níbẹ̀rẹ̀. Franz Roh, tó ń kọ̀wé nípa irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ló lò ó ní Jámánì ní 1925. Alejo Carpentier, ọmọ Kúbà, wá sọ ní 1949 pé ìyanu ti wà nínú ayé gidi àwọn ènìyàn òun, kò sídìí láti máa hùmọ̀ rẹ̀. Àmọ́ àwa náà ní àpẹẹrẹ tó sún mọ́ fíìmù yín ju ìyẹn lọ. Ẹ ṣí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Òǹkọ̀wé wà ní ìjókòó, bàbá arúgbó kan wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n kí ara wọn, bàbá ní kó mú gègé àti tákàdá kó máa kọ ìtàn òun. Ẹ̀dá-ìtàn ló wá bá òǹkọ̀wé nílé yẹn, kò sì sí èéfín níbẹ̀. Ìkíni ló gbé e wọlé.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ní kámẹ́rà nínú. Kí ẹni tó kọ eré yín jókòó, kó kọ ìtàn tí ọmọ yẹn kọ gan-an, ojú ewé méjì, ní èdè ọmọ ọdún 13. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo èyí. Wọ́n á kàn kọ ọ́ sínú ìwé eré pé "ọmọ náà ń kọ ìtàn ọdẹ", wọ́n á kọjá. Nígbà tí ẹ bá ti ní ojú ewé méjì yẹn, ẹ fa ìlà sáàárín ewé mìíràn. Lápá kan, ẹ to gbogbo ohun tí ọmọ náà sọ nípa ọdẹ: gbérí tó wọ̀, ìbọn rẹ̀, orúkọ ajá rẹ̀, igbó tó ń dẹ. Lápá kejì, ẹ to ohun tí gbogbo ènìyàn ní tí ọmọ náà kò rántí kọ: orúkọ ìyá rẹ̀, oúnjẹ, oorun, ooru, òtútù, owó, ohun tó ṣe lánàá. Apá kejì yìí ni fíìmù yín. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú gbogbo ìran tí ọdẹ bá ti wà.

Ẹ wo bí Woody Allen ṣe ṣe é nínú The Purple Rose of Cairo ní 1985, níbi tí ẹ̀dá inú sinimá kan ti sọ̀kalẹ̀ látojú aṣọ funfun wá bá obìnrin kan tó ń wòran. Ó gbé obìnrin náà lọ jẹun, ó kó owó jáde láti san, owó eré ni. Ó wọ ọkọ̀, ó retí kó máa lọ láìsí kọ́kọ́rọ́, torí bí ọkọ̀ ṣe ń lọ nínú fíìmù tirẹ̀ nìyẹn. Kò sí iṣẹ́ kámẹ́rà kankan nínú ìran méjèèjì. Owó tí kò ṣeé ná ló fi hàn wá pé ẹni yìí kì í ṣe ará ibí.

Tiyín ńkọ́? Ìyá gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí síwájú ọdẹ. Ó fọ ọwọ́, ó bu òkèlè, ó yí i, ó kì í bọ ọbẹ̀, ó gbé e dé ẹnu, ó dúró. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ pé ó gbé e mì. Ìyá ní, "Àbí ọbẹ̀ ọ̀hún ò dùn ni?" Ẹ má ṣàlàyé o. Kí òṣèré má ṣe ojú bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Kó kàn di òkèlè náà mú bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n sọ ìyókù fún un.

Ẹ̀rí kan wà tí èdè wa nìkan lè fún yín, mo sì fẹ́ kí ẹ lò ó dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀. Ọmọ yín kọ ọ́ pé "ode na gbe igba dani". Kí ni ọdẹ gbé dání? Igbá ni àbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ? Lọ́jọ́ kìíní, kó gbé igbá wọ búkà. Lọ́jọ́ kejì, kó gbé igbà kọ́ èjìká, kí ẹnikẹ́ni má bi í. Lọ́jọ́ kẹta, kó dé pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ní ṣíṣí, kó dúró síwájú ọmọ náà. Ọmọ mú kálámù, ó fi àmì òkè sórí "igba". Ẹ ya ẹnu kálámù lórí bébà fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kí ẹ gé e lọ sí ọwọ́ ọdẹ, kí igbá ti wà níbẹ̀. Gígé kan ṣoṣo ni, ẹ ò náwó kankan sí i. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, òǹwòran ti mọ̀ pé ìkọ̀wé ló ń darí ọkùnrin yìí. Bí ẹ bá tún fẹ́ fi ìbànújẹ́ sí i, ẹ rántí pé láìsí àmì, ọdẹ àti ọ̀dẹ̀ kì í yàtọ̀ lójú ìwé. Ẹnì kan ní kíláàsì lè ka ìtàn náà sókè ní ìkà òdì, kí ẹ sì fi ojú ọdẹ hàn wá nígbà tó bá gbọ́ ọ.

Ohùn ni ẹ̀rí kejì. Yorùbá ìwé lọmọ náà fi kọ ìtàn rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní iléèwé. Nítorí náà Yorùbá ìwé ni ọdẹ ń sọ. Ṣùgbọ́n kí ìyá, àwọn oníbàárà àti ọmọ náà fúnra rẹ̀ máa sọ Èkìtì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú eré tí wọ́n ń yà ní Èkìtì ni pé gbogbo òṣèré á pa èdè ilé tì, wọ́n á máa sọ Yorùbá fíìmù. Nínú eré tiyín, àṣìṣe yẹn á pa ìyàtọ̀ tó yẹ kó wà láàárín ọdẹ àti ará ilé. Kí ará ilé máa sọ ulé, uṣẹ́, ugbá. Kí ọdẹ nìkan máa sọ ilé, iṣẹ́, igbá. Lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kó ṣèèṣì sọ "ulé" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ kan péré tó. Ará Èkìtì tó bá ń wò ó á mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ti yí padà nínú ọkùnrin náà. Ẹ má ṣe mú òṣèré tó ń sín Èkìtì jẹ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló máa tú u fó. Obìnrin tó ń ta iyán lóòótọ́ ní àdúgbò yín, tí kò sì bẹ̀rù kámẹ́rà, sàn ju òṣèré ńlá tó wá láti ibòmíràn lọ. Ẹ sì rántí pé èdè Adó, ti Ìkọ̀lé àti ti Mọ̀bà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ yan ìlú kan, kí gbogbo ẹbí náà dúró síbẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ẹ kọ "ulé" bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹ má ṣe tún un ṣe.

Ní ti ẹ̀rín, nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á. Ọ̀kan ni pé òṣèré tó ṣe ọdẹ ń ṣe bí abàmì: ó ń yí ojú, ó ń rìn jẹ́jẹ́jẹ́, ó ń fa ohùn gùn. Ẹ ní kó ṣíwọ́. Nínú ìwé ọmọ yẹn, ọdẹ gidi ni, kò mọ̀ pé àràmàǹdà lòun. Ìkejì ni pé àwọn tó rí i ń pariwo. Ìyá ló gbé irú fíìmù yìí dúró ju ọdẹ lọ. Tí ìyá bá ké "Yéè!" tó sá lọ, eré ẹlẹ́rù ni. Tí kò bá sì fi nǹkan kan pè, òǹwòran á rò pé òṣèré gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni ohun tí ìyá olóúnjẹ máa ń ṣe sí àlejò: á kí i, á bi í pé ọmọ ilé ta ni, á fún un lóúnjẹ, á béèrè owó. Kò rí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ta ni, ìyẹn sì dùn ún ju ọ̀nà tí ọdẹ gbà dé lọ. Ní ọjọ́ kẹta, kó máa bínú pé ó ń gba ìjókòó lọ́wọ́ oníbàárà ní ọ̀sán, kó gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́ pé kó wá gún iyán.

Gbogbo ènìyàn ni kó rí i o. Tó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin yẹn nìkan ló ń rí i, ẹ ti padà sọ́dọ̀ iwin, tàbí kí wọ́n ní orí ọmọ náà dàrú.

Ìran odó yẹn ló máa fún yín ní àmì ara tó dára jù. Ní ọ̀sán Adó, ẹni tó bá gún iyán á làágùn, á máa mí gúlegúle. Ọdẹ kò làágùn, torí kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni kejì tí wọ́n jọ ń gún máa mí, kí òógùn máa kán lójú rẹ̀: ẹ po gilísárìn tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn pọ̀ mọ́ omi ní ìdajì sí ìdajì, ẹ fi ike afúnmi fún un sí i níwájú orí àti ọrùn. Kì í tètè gbẹ bí omi lásán. Ti ọdẹ, ẹ fi áńkáṣífù gbígbẹ tẹ ojú rẹ̀ kí ẹ tó ya ìran kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi pàúdà díẹ̀ tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu pa dídán. Pàúdà funfun ò gbọ́dọ̀ kàn án. Ojú funfun ni wọ́n fi ń mọ òkú nínú fíìmù wa. Ẹ rán gbérí mẹ́ta láti ara aṣọ kan náà: èyí tí kò ní àbàwọ́n rárá fún ìdajì àkọ́kọ́, èyí tí ọrùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀tí, àti èyí tó ti gbó. Ẹ sáré kọ nọ́ńbà sí inú ọrùn wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé eré èyí tí ìran kọ̀ọ̀kan ń lò. Tí ẹ bá rán ọ̀kan péré, ẹrẹ̀ ọjọ́ kejì á hàn nínú ìran ọjọ́ kìíní, torí a kì í ya fíìmù tẹ̀lé ara wọn. Òógùn àkọ́kọ́ tó bá yọ níwájú orí ọdẹ nígbà tó bá yá ni ẹ ó fi sọ ohun tí èéfín kò lè sọ.

Tí ẹ bá rí ọkọ̀ wọ̀ dé Ìkògòsí, ìran kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn wá pàdé níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí ìkejì. Kí ọdẹ ti ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kan, kó ti ìkejì bọ èkejì, kí ọmọ náà bi í pé èwo ló gbóná. Kò mọ̀. Ìran ìṣẹ́jú kan ni. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ibẹ̀, torí ẹni tó gbé kámẹ́rà ńlá wá yàtọ̀ sí ẹni tó wá gbafẹ́.

Ní báyìí, bí ó ṣe máa wọlé. Lójú ìwé eré, ojú ewé kan ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Kí ọdẹ ti dé kí ojú ewé kẹrin tó parí. Ọ̀nà tó dáa jù ni pé kó ti wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ìró bàtà dé etí wa ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta kí a tó rí ẹnikẹ́ni, kí kámẹ́rà yí lọ sí ìjókòó, kó ti jókòó tó ń gbé ìbọn sílẹ̀. Ẹ má mú un lọ́ra, ẹ má fi ìmọ́lẹ̀ yí i ká, ẹ má fi ìlù sí i.

Ìran tí ọdẹ bá máa pòórá lórí ìjókòó ni ẹ̀tàn kámẹ́rà kan ṣoṣo tí ẹ nílò. Georges Méliès ti ń ṣe é ní Faransé láti 1896: dá kámẹ́rà dúró, kí ẹni náà kúrò, kí kámẹ́rà máa lọ. Kámẹ́rà ọjọ́ òní ò ní kẹ́ ẹ dá a dúró, ẹ jẹ́ kó máa yà, kí ọdẹ dìde jáde, kí ẹ gé àárín rẹ̀ kúrò nígbà tí ẹ bá ń tò ó. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ohunkóhun yàtọ̀ láàárín àwòrán méjèèjì. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi àpò yanrìn so mọ́ ìdí rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ pa fáànù. Ẹ ká kọ́tìnnì. Àwọn yòókù tó wà nínú àwòrán gbọ́dọ̀ dúró gbári bí wọ́n ṣe wà. Nítorí náà, ẹ ya ìran yìí nígbà tí búkà ti ṣófo. Kí ẹnì kan má ṣe jókòó síbi tí ìjókòó á mì nígbà tí ọdẹ bá dìde. Oòrùn kì í dúró deni, ẹ parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí kí ẹ yà á lábẹ́ òjìji. Òjìji tó fò lójijì ni òǹwòran máa ń kọ́kọ́ rí. Buster Keaton, nínú Sherlock Jr. ní 1924, rìn wọ inú sinimá, ibi tó dúró sí sì ń yí padà lẹ́yìn rẹ̀ látorí ọgbà dé orí àpáta. Ohun èlò àwọn awọnlẹ̀ ni wọ́n fi wọn àlàfo tó wà láàárín òun àti kámẹ́rà níbi kọ̀ọ̀kan, kó má baà yẹ̀. Tẹ́ẹ̀pù ìwọnlẹ̀ àti ṣọ́ọ̀kì lè ṣe tiyín.

Àṣìṣe tó tún wọ́pọ̀ ni kámẹ́rà tó ń ronú fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ń lo fóònù, ẹ lo áàpù tó máa jẹ́ kí ẹ ti ìmọ́lẹ̀, fókọ́ọ̀sì àti àwọ̀ funfun (white balance) pa, kí wọ́n má máa yí padà láàárín ìran. Iná ìjọba wa jẹ́ 50 Hz, nítorí náà ẹ fi kámẹ́rà sí fúréèmù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń ṣí pẹ́ tó fún fúréèmù kọ̀ọ̀kan, wà ní 1/50. Fóònù tó bá wà ní 30 àti 1/60 lè mú kí iná gílóòbù máa fọ́n ìlà dúdú kọjá lójú àwòrán. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, iyára rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ìlà náà lè padà wá. Ẹ ya búkà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ìró jẹnẹrétọ̀ á sì bá ohùn yín jẹ́ bákan náà. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gba ìró ibẹ̀ lásán sílẹ̀. Òun ni ẹ ó fi di ojú gígé níbi tí ọdẹ bá ti pòórá; tí ìró bá já, ojú á mọ̀ pé wọ́n gé e.

Ìmọ́lẹ̀ kan náà tó bá ìyá ni kó bá ọdẹ. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1924 tó sì ti wà ní British Museum látìgbà náà. Ó gbẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ jìn débi pé orí wọn yọ kúrò lára pákó, òjìji wọn sì bọ́ sẹ́yìn wọn. Òjìji yẹn ló sọ wọ́n di ẹlẹ́ran ara. Nítorí náà, kí òjìji ọdẹ yín hàn lórí ilẹ̀ búkà láti ìgbà tó bá ti wọlé.

Ìwé ọmọ náà, ẹ ṣe mẹ́rin tí èèpo wọn jọra: èyí tó kún, èyí tí àyè òfìfo wà níbi tí orúkọ ọdẹ ti wà, èyí tí wọ́n ti fi àmì sí, àti òfìfo kan fún ìgbà tí kálámù bá ṣì kọ. Kí ọwọ́ kan náà kọ gbogbo rẹ̀. Kí lẹ́tà tóbi ju bí ọmọ ṣe máa ń kọ lọ, kí ojú ìwé sì fara jọ àwọ̀ wàrà, torí bébà funfun báláú máa ń tàn jù nínú kámẹ́rà. Ẹ fi í sílẹ̀ lójú àwòrán títí ẹ ó fi lè kà á jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbọn ṣakabùlà yẹn, ẹ jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi igi gbẹ́ ẹ. Ẹ má yá èyí tó ń yìn rárá. Ẹ fi ìwé sọ fún ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn àgbègbè yín lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ lọ kí olórí àdúgbò, kí ẹnì kan sì dúró ní ẹnu ọ̀nà títì láti máa sọ fún àwọn tó ń kọjá pé eré ni. Ọkùnrin tó wọ gbérí tó gbé ìbọn jókòó ní búkà lè kó jìnnìjìnnì bá ará ìlú lásìkò yìí.

Ìparí ni ibi tí ọ̀pọ̀ irú eré yìí ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Keaton jí, àlá ni. 1924 nìyẹn, ó sì ti tán lára wa. Ẹ má mú wòlíì tàbí babaláwo wá lé e lọ, torí ẹ ó fi ọwọ́ ara yín sọ ọ́ di iwin padà. Kálámù ló mú un wá, kí kálámù parí rẹ̀. Ọmọ náà lè kọ iṣẹ́ ọdẹ tó kù kó lè padà sínú igbó rẹ̀, tàbí kó kọ ohun tí kò kọ látìbẹ̀rẹ̀. Èmi ì bá yan èkejì. Kí ìyá tún gbé iyán wá. Kí ọdẹ tún bu òkèlè, kó gbé e dé ẹnu, kó dúró. Kí ọmọ náà fa ìwé rẹ̀ mọ́ra ní ìdí tábìlì kejì, kó kọ gbólóhùn kan, kí kámẹ́rà má fi hàn wá ohun tó kọ. Kí a gbọ́ bí ọdẹ ṣe gbé e mì, kí a sì gbọ́ ohùn ìyá láti ẹ̀yìn ààrò tó ń béèrè owó iyán rẹ̀.